Òkúta Tí Kò Dé Ṣáláńgá

Láti abúlé, lẹ́yìn Òṣú.

Èyítáyọ̀ ọmọ mi, Àjàgbé,

Báwo ni iṣẹ́ ìjọba, ìyàwó àti àwọn ọmọ? Ẹ kú òjò Òṣogbo o. Olúwa kò ní jẹ́ kí omi wọlé bá yín ní Alekuwodo, ọ̀gá rẹ kò sì ní rí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. Àwa náà wà láàyè. Òjò ti sọ kòkó di dúdú lórí igi, ewúrẹ́ wa sì ti bí ìbejì. Lẹ́tà ni mo kọ nítorí pé ìgbàkígbà tí mo bá pè ọ́, o máa ń ní o wà ní ìpàdé. Lẹ́tà lè jókòó sórí tábìlì títí ìpàdé yóò fi parí.

Ọ̀rọ̀ òkúta yẹn ni mo fẹ́ sọ, inú sì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Nígbà tí bàbá rẹ ṣubú sínú ẹrẹ̀ lọ́nà ṣáláńgá lẹ́yìn ilé, tí itan wọn yẹ̀, ìwọ lo ní ká má dààmú, pé wàá ra òkúta wẹ́wẹ́ tí a ó dà sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ṣáláńgá, kí wọ́n lè máa fi ọ̀pá rìn lọ láìyọ̀. Inú mi dùn, mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. O ní kí n fi ilẹ̀ hàn ọ́ nínú fídíò, mo nu ojú fóònù kí ó lè ríran, mo tún bẹ̀rẹ̀ kí ó lè sún mọ́ ẹrẹ̀ náà, o wá ní kí n dìde, pé ìka ẹsẹ̀ mi nìkan lò ń rí. Kò pẹ́ tí o fi ní o ti rí i, pé gígùn ibẹ̀ kò ju ti pálọ̀ rẹ lọ, o tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù, ẹ̀rọ ní òkúta ìdajì ọkọ̀ tipa máa tó, yóò tún ṣẹ́kù.

Mo sọ fún ọ lọ́jọ́ náà pé fóònù máa ń sọ nǹkan di kékeré. Orí ìwọ gan-an tí mo rí nínú rẹ̀ kò ju awẹ́ obì lọ, ṣé mo wá ní kí télọ̀ rán fìlà awẹ́ obì fún ọ? O rẹ́rìn-ín, o ní ẹ̀rọ kì í ṣàṣìṣe. Mo gbà pé ẹ̀rọ kàwé. Ṣùgbọ́n kò tẹ ẹrẹ̀ wa rí, kò mọ̀ pé èyí tí a bá kọ́kọ́ dà síbẹ̀, ilẹ̀ á gbé e mì ni.

Nígbà tí òkúta dé, ojú ilé ni dẹ́rẹ́bà ń dà á sí. Mo ní ẹ̀yìn ni ká kó o lọ, ó ní ìwọ lo ní kí òun bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mọ́tò rẹ máa ń dúró sí, kí táyà má baà rì. Èyítáyọ̀, mọ́tò wo? A ò rí mọ́tò náà láti ọdún Àjíǹde, Òṣogbo sí Òṣú tí èèyàn máa lọ tí yóò bọ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ibi mọ́tò ló jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú òkúta náà, ìyókù dé ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná, ó tán.

Bàbá rẹ á rìn dé ibi tí òkúta parí sí, wọ́n á dúró, wọ́n á máa wo ṣáláńgá lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á yí padà. Póò ni wọ́n ń lò nínú yàrá, èmi ni mò ń dà á nù, ojú sì ń tì wọ́n. Wọ́n ní kí n má sọ fún ọ, pé ọmọ àwọn ń gbìyànjú. Èmi ni mo ní kí o gbọ́, nítorí ó dùn mí wọra.

Bí o bá máa fi owó ránṣẹ́, ìpara itan bàbá rẹ ni kí o fi rà, kí o sì ra ìbọ̀wọ́ fún mi, òkúta ti bó mi lọ́wọ́. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mò ń fi páànù kó òkúta ibi mọ́tò rẹ lọ sẹ́yìn, ó sì ti ń sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣáláńgá.

Olúwa yóò gbé ọ ga, yóò sì fún ọ ní ọmọ tí yóò wá fi ojú ara rẹ̀ wò ọ́ lọ́jọ́ ogbó. Bí o bá ń bọ̀ wálé, inú ẹrẹ̀ ni mọ́tò rẹ máa dúró sí.

Èmi ni ìyá rẹ,
Cecilia.