Ikú Kẹ́tù Pupa àti Yàrá Rédíò

                                        Àjà Kejì,
                                        Lẹ́yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́,
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ààyò mi,

Pẹ̀lú ọkàn wúwo ni mo fi ń túfọ̀ fún yín pé kẹ́tù pupa ilé ìdáná wa ti jáde láyé. Àárọ̀ àná ló kú sẹ́nu iṣẹ́, lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́. Ó fi ọmọrí kan àti wáyà sílẹ̀ sáyé lọ.

Ẹ má bínú, mi ò tíì kí yín. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ọkọ yín ńkọ́? Ṣé àwọn ọmọ ń gbọ́ràn? Orúnkún tó ń dùn yín, ṣé ó ti fúyẹ́? Ara tiwa náà le, àfi ẹ̀jẹ̀ Màmá tó ru sókè láná, ẹ óò sì rí ìdí rẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé Rédíò àbúrò wa ti rí yàrá gbà ní ilé ìrànwọ́. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ ní Rédíò, nítorí pé kì í dákẹ́ rárá kí àìsàn ọpọlọ tó dé. Ó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, nọ́ọ̀sì sì ń yọjú sí i láràárọ̀ nítorí oògùn. Ṣùgbọ́n wọ́n kàn ń dán an wò ni. Àná ni aláyẹ̀wò wá láti mọ̀ bóyá yóò dúró. Ẹni tí kò bá lè dá nǹkan kan ṣe yóò padà sí wọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá sì lè dá gbogbo rẹ̀ ṣe kò nílò ìrànwọ́, kó máa lọ sílé. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ kò ju kí èèyàn ṣàìsàn níwọ̀nba.

Èmi àti Màmá tètè débẹ̀. Màmá gbá ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n tún bẹ́ẹ̀dì tí Rédíò ti tẹ́ tẹ́. Wọ́n ní kẹ́tù rẹ̀ ń yára hó jù, yóò bó o lọ́wọ́. Wọ́n bá sọ ọ́ sínú báàgì wọn, wọ́n fi kẹ́tù pupa tiwa tí wọ́n gbé wá láti ilé rọ́pò rẹ̀, nítorí pé ìyẹn kì í ṣe oníjàgídíjàgan.

Aláyẹ̀wò bi Rédíò pé kí ló jẹ.

Màmá ní, "Búrẹ́dì ló jẹ."

"Ṣé o ń sùn dáadáa?"

"Bí ọmọ tuntun ló ń sùn."

"Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ máa gbé ibí ni?"

"Rárá o, mo ní ilé."

Aláyẹ̀wò ní ẹni tó bá tún sọ̀rọ̀ tàbí tó ràn án lọ́wọ́ nínú àwa méjèèjì, ìta ni. Ó wá ní kí Rédíò po tíì fún òun.

Rédíò bomi sí kẹ́tù, ó tẹ̀ ẹ́. Iná rẹ̀ tàn, ó ní ṣíọ̀, ó kú. Rédíò tún un tẹ̀. Ẹ mọ ìṣe rẹ̀ bí nǹkan bá bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ omi kọ̀ tí kò ṣí, ńṣe ló jáde tó ń rìn lọ. Ìlú mìíràn la ti rí i, kò sì dá wa mọ̀. Èmi tí mo kàwé iná mànàmáná ní ilé ẹ̀kọ́ gbogbonìṣe, mo jókòó bí ère. Màmá di báàgì mú títí ọmọrí kẹ́tù fi dún nínú rẹ̀.

Rédíò jáde. Bàtà rẹ̀ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò wọ̀ ọ́. A gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn náà, a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mo fẹ́ dìde. Aláyẹ̀wò wò mí, mo jókòó. Omi ń bọ́ lójú Màmá, síbẹ̀ wọn ò sọ̀rọ̀.

Ìgbà náà la gbọ́ ìró ilẹ̀kùn tí wọ́n ń kàn.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Kẹ́tù inú yàrá mi kò ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní tiyín."

Ohùn Rédíò ni, aránṣọ tó ń gbé ọ̀ọ́kán ló ń bá sọ̀rọ̀. Ìyẹn ní, "Súgà tó o yá lọ́jọ́sí ńkọ́? Wá mú un. Má fọ́ ọ o, òun nìkan ni mò ń bá sọ̀rọ̀ nílé yìí."

Rédíò gbé kẹ́tù wọlé, aránṣọ sì ń yí àga onítáyà rẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn láti ṣọ́ ẹrù rẹ̀. Aláyẹ̀wò mu tíì náà tán, ó ní, "Ìyá, ọmọ yín mọ ìgbà tó yẹ kó wá ìrànwọ́. Ohun tí a kọ́ ilé yìí fún nìyẹn. Yàrá ti di tirẹ̀."

Màmá dì mọ́ ọn. Rédíò dúró kí wọ́n dì mọ́ òun tán, ó wá ní, "Màmá, ẹ yọ kẹ́tù mi nínú báàgì yín."

Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ má gbàgbé olóògbé ilé ìdáná. Ẹ bá wa ra àrólé rẹ̀ bọ̀.

Èmi náà ni, àbúrò yín tí kò lè tún kẹ́tù ṣe,

Ẹnjiníà.

Ẹ dákun, bí mo ṣe fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí pa ni Rédíò pè mí lórí fóònù, tó ka ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn ní ọ̀sán yìí sí mi létí:

ÌKÉDE PÀTÀKÌ. Fún ààbò ẹ̀mí àti dúkìá, láti òní lọ, olùgbé kankan kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀kùn ẹlòmíràn láti yá ohun èlò iná. Ẹni tó bá nílò ìrànwọ́ ní ilé ìrànwọ́ yìí, kó kọ̀wé sí ọ́fíìsì, kó sì máa retí èsì. Àṣẹ Ìgbìmọ̀ Alábòójútó.