Igbe Mọ́tò Tó Dójú Tì Mí

Sabon Gari,
Kano.
Ọjọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ Ìkórè.

Adétúnbọ̀ ọmọ mi, Àkànjí mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo sì kí ọ kú ooru Pọtá tí o ní kì í jẹ́ kí èèyàn sùn. Mo gbàdúrà pé kí ìwé yìí bá ọ nínú ara líle, kó má bá ọ lórí ibùsùn àìsàn. Ní tiwa níbí, a dúpẹ́. Rahinat ìyàwó rẹ wà dáadáa, oyún inú rẹ̀ náà sì ń ta ìpá bí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọkàn èmi ìyá rẹ nìkan ni kò balẹ̀.

O máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí Màmá fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ojú ló ń tì mí, ọmọ mi. Lórí fóònù, bí o bá ti ní, "Màmá, ṣé kò sí o?" ẹnu mi á ti dáhùn pé kò sí, nígbà tó sì wà. Ìwé kì í wo èèyàn lójú. Albert aládùúgbò wa ń bọ̀ wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Pọtá, òun ló máa mú un bá ọ. Jọ̀ọ́, kà á dé ìsàlẹ̀ kó o tó bínú.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò rẹ ni. O mọ̀ pé nígbà tí o gbé e sílẹ̀ fún Rahinat pé kó máa fi lọ síbi iṣẹ́ ní Bompai, bí ológbò ló ń rìn. Nígbà tí òjò kásẹ̀ nílẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bí Rahinat bá ti tẹ bíréèkì ní ìkóríta wa, igbe rẹ̀ á ta dé ẹ̀yìnkùlé. Àwọn ọmọ àdúgbò sọ ọ́ ní "motar kuka", mọ́tò ẹlẹ́kún, wọ́n á sì máa ké tẹ̀lé e. Èmi tí mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní tèmi, ṣe ni mo máa ń dọ́gbọ́n wọlé kí wọ́n má baà mọ̀ pé ilé wa ló ń bọ̀.

A wá ìdí rẹ̀ títí. Albert ní eruku Kano ni, ó ní láti ìgbà tí bàbá bàbá òun ti bá rélùwéè dé ìlú yìí ni eruku ti ń fìyà jẹ irin. A fọ mọ́tò, ó tún ké. Mo ránṣẹ́ sí Collins, mẹkáníìkì tó ti ń bá wa tún mọ́tò ṣe láti ìgbà ayé bàbá rẹ. Ó ní páàdì bíréèkì ti jẹ tán, ó pààrọ̀ rẹ̀, mọ́tò dákẹ́, inú mi dùn. Kò pẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀. Mo gba ṣọ́ọ̀bù Collins lọ, níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀, mo ní ayédèrú ló rà fún wa. Ó ń búra pé, "Mama, I swear, na original." Mo ní kí ló ń pa orígínà lẹ́kún? Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, Collins kò bá mi jà, ó tún wá pààrọ̀ òmíràn. Mọ́tò dákẹ́ díẹ̀, ó tún ké.

Nígbà tí mo ti ka ẹ̀sùn sí eruku lọ́rùn, tí mo kà á sí Collins lọ́rùn, ó wá ku Rahinat. Mo pè ọ́, mo ní bí ìyàwó rẹ ṣe ń tẹ bíréèkì ni, pé ṣe ló ń gún un bí iyán. Mo tún bù mọ́ ọn pé kò mọ iyì ohun tí ọkọ rẹ̀ làágùn kó tó rà. Èyí tí mi ò sọ fún ọ ni pé mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ẹgbẹ́ Ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní kí wọ́n bá mi gbàdúrà lórí ohun tó wọnú mọ́tò ọmọ mi láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti ń wà á. Mi ò dárúkọ ẹ̀sìn rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló mọ ilé tí a ti fẹ́ ẹ ní Gwagwarwa, wọ́n mọ̀ pé mọ́sáláṣí ni bàbá rẹ̀ ń lọ, wọ́n sì ń mi orí. Mo rí i tí wọ́n ń mi orí, ó sì dùn mọ́ mi. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

O rántí ọjọ́ tí o wá pe Rahinat. Èmi àti ẹ̀ jọ ń ṣa ìrẹsì ní pálọ̀ ni, ó sì fi fóònù sórí sípíkà kó lè máa bá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ. Gbogbo ohun tí o sọ ni mo gbọ́. O ní kó kó kọ́kọ́rọ́ fún Màmá, pé ẹni tí kò lè tọ́jú nǹkan kò yẹ lẹ́ni tó ń lò ó. Ọmọ ọlọ́mọ dìde. Ó gbọn ọwọ́, ó lọ mú kọ́kọ́rọ́ wá, ó kúnlẹ̀ tòun ti ikùn rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì níwájú mi. Ó ní, "Màmá, kọ́kọ́rọ́ yín rèé." Mo ń ṣa ìrẹsì mi lọ.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń wọ adaidaita sahu lọ sí Bompai, nínú eruku, nínú gbágungbàgun. O mọ bí àwọn onímáàrúwá yẹn ṣe ń sáré. Bó bá dé nírọ̀lẹ́, á fi ọwọ́ ti ìbàdí, á dúró lẹ́nu ọ̀nà díẹ̀ kó tó lè kí mi. Mò ń rí i. Mò ń sọ fún ara mi pé ẹ̀kọ́ ni mò ń kọ́ Rahinat.

Ọjọ́ Ìkórè ni ọwọ́ tẹ̀ mí. Mo ní kí Albert fi mọ́tò gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, iṣu wà ní búùtù, gèlè mi ga. Mo ti ń ronú pé kò ní ké lónìí, ẹlẹ́ṣẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. A dé ẹnu géètì, Albert tẹ bíréèkì, mọ́tò ké ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì dúró! Ó yọ́ lọ títí ó fi forí sọ tábìlì tí wọ́n to ọsàn ìkórè sí. Ọsàn fọ́n ká gbogbo ilẹ̀. Ìyá kan tó pọn ọmọ sẹ́yìn ló fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, mọ́tò kò kàn án. Ẹgbẹ́ Ìyá ló tò sẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń wò wá. Ìyá Rẹ̀mí, alága wa, wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ìyá Adétúnbọ̀, ta ló tẹ bíréèkì lónìí?" Bí ilẹ̀ bá lanu, ǹ bá kó sínú rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Collins wá sílé. Albert wà níbẹ̀, Rahinat náà jáde sí wa. Collins tú táyà iwájú, ó tẹjú mọ́ irin bíréèkì, ó fi ìka kàn án, ó fi ìka náà símú. Ó ní, "Mama, na oil full here. Who pour oil for brake?" Ó ní òróró ló rin páàdì, tó ń jóná mọ́ irin, tó fi ń ké, ó ní bó bá jẹ́ pé títì márosẹ̀ ni, mọ́tò yìí kò ní dúró rárá. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, òórùn náà ti gòkè dé imú mi: lọ́fínńdà tí wọ́n ń pò mọ́ òróró àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. 

Àkànjí, èmi ni. Èmi ìyá rẹ ni mo da òróró náà. Láti ìgbà tí a ti gbọ́ ìròyìn mọ́tò tó dànù ní ọ̀nà Zaria lẹ̀rù ti ń bà mí. Ní òwúrọ̀ Sátidé, kí Rahinat tó jí, mo máa ń gbé ìgò òróró jáde, màá fi ṣe àmì àgbélébùú síwájú mọ́tò, màá fi pa táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tó yá, mo ní kí àdúrà wọnú dáadáa, ni mo bá ń dà á gba àárín irin táyà wọlé. Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ké, mo ní ogun ló le, mo sì ń fi kún un. Collins á tún un ṣe, èmi á tún rin ín. Ohun tí mo fi ń bo ẹ̀mí yín, díẹ̀ ló kù kó gbà á.

Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀. Mi ò sọ ọ́. Mo ní, "Bóyá àwọn tó ń fọ mọ́tò ní ìkóríta ni." Rahinat gbójú sókè wò mí, ó tún gbé ojú rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Collins, abeg, just clean am. E don happen." Ó wọlé lọ.

Ilẹ̀ ṣú. Mo mú kọ́kọ́rọ́, mo wọ yàrá tọ̀ ọ́. Mo jókòó sétí ibùsùn, mo ní, "Rahinat, èmi ni mo da òróró sí mọ́tò." Ó ní, "Màmá, mo mọ̀." Ó ní ó pẹ́ tí òun ti ń rí mi láti ojú fèrèsé, àfi pé òun kò mọ̀ pé inú bíréèkì ló ń lọ títí Collins fi sọ ọ́. Mo ní kí ló dé tó fi dákẹ́ jẹ́ẹ́ níwájú wọn? Ó ní, "Màmá, mo máa ń gbọ́ yín. Ẹ ń dárúkọ mi, ẹ ń dárúkọ ọmọ inú mi. Ẹni tó ń gbàdúrà fún mi lẹ́yìn mi, ṣé èmi ni màá dójú tì í níwájú mẹkáníìkì?"

Mo sunkún, ọmọ mi. Ẹnu tí mo fi ń gbàdúrà fún un láàárọ̀ ni mo fi ń bà á lórúkọ jẹ́ lọ́sàn-án. Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní kí n má bẹ òun mọ́, pé ìyá òun ni mí. Mo na kọ́kọ́rọ́ sí i, kò gbà á. Ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Ọkọ mi ló ní mi ò yẹ lẹ́ni tó ń lò ó. Òun ni kó sọ fún mi pé mo yẹ."

Ìdí tí mo fi kọ̀wé rèé. Pè é. Má dá ẹ̀bi lé mi lórí nìkan, nítorí ìwọ náà kò bi í léèrè kó o tó gba kọ́kọ́rọ́. Bẹ̀ ẹ́ bí ọkọ ṣe ń bẹ ìyàwó. Sì ní kó fi fóònù sórí sípíkà, kí n gbọ́ ọ bí mo ṣe gbọ́ ti àkọ́kọ́.

Ní tèmi, mo ti padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù Collins nígbà tí àwọn oníbàárà rẹ̀ pé, mo jẹ́wọ́ níwájú wọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mama, next time, pray make I no forget to tight the nut." Mo dé ọ̀dọ̀ Mallam tó ń fọ mọ́tò ní ìkóríta náà. Òun kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo parọ́ mọ́ òun, ó kàn ní, "Allah ya yafe mana," kí Ọlọ́run dárí ji gbogbo wa. Ó wá ku Ẹgbẹ́ Ìyá. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ kì í ṣeé kó, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sunday yìí màá dìde láàárín wọn, màá dárúkọ Rahinat bó ṣe tọ́ kí n dárúkọ rẹ̀. 

Ọlọ́run tó kó wa yọ lẹ́nu géètì yóò máa kó ọ yọ lójú ọ̀nà gbogbo. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní já sí òfo. Ìyàwó rẹ yóò bí tibi-tire, a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Inú ilé rẹ yóò tòrò, ìwọ náà kò sì ní fi ọwọ́ ara rẹ ba ohun tí o fẹ́ràn jẹ́ bí mo ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe.

Èmi ni ìyá rẹ tí ojú ń tì, tó sì fẹ́ràn ẹ̀yin méjèèjì,
Àbíkẹ́ Oyèwùmí.

Àfikún: Mọ́tò ti dákẹ́. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Mo fẹ́ da ìyókù òróró náà nù, Rahinat ní kí n má dà á nù. Ó ní man zaitun, òróró ólífì kan náà, ni ìyá òun máa ń fi pa ara ní Gwagwarwa, pé òróró ni òróró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wú báyìí. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á nà án sórí itan mi, èmi á sì máa fi òróró náà ra á, ẹsẹ̀ kan náà tí mo ní ó ń gún bíréèkì bí iyán.