Púlọ́ọ̀gì Tú Àṣírí Màmá

Àbúrò mi àtàtà,

Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àlàáfíà ni gbogbo wa wà nílé. A ti kun pálọ̀ lọ́dà tuntun, orúnkún Màmá náà sì ti fúyẹ́ gan-an.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò rẹ ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. O ní kí Màmá kàn máa sítáàtì ẹ̀ láràárọ̀, pé ọjọ́ tó bá ń mì jìgìjìgì, ká tà á. Ó kúkú bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mọkálíìkì wá pààrọ̀ ipò àwọn kọ́ìlì tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná. Ibi tó gbé ọ̀kan nínú wọn lọ ni àìsàn náà bá a dé.

Ó ní, "Kọ́ìlì kan yìí ló kú. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀."

Àmọ́ nígbà tó tú púlọ́ọ̀gì, gbogbo wọn ló ti jẹ lẹ́nu.

Ó ní, "Ká ní ojú kan ló ń dúró sí ni, dúdú ni wọn ì bá dú. Mọ́tò yìí ti rìn jìnnà. Púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la máa pààrọ̀."

Mo wo Màmá. Màmá wo òrùlé.

Àbúrò mi, ìyá wa ń wa mọ́tò! Tá a bá ti lọ síbi iṣẹ́ báyìí, wọ́n á gbé e jáde. Orúnkún ò ṣe ní í fúyẹ́? Ojú ò tiẹ̀ tì wọ́n. Wọ́n ní, "Èmi ni mo lò ó, èmi ni màá sanwó ẹ̀," wọ́n sì san án.

Jọ̀wọ́, má tà á mọ́. Ó ti ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọlọ́run á jẹ́ ká fojú rínjú láyọ̀. Màmá ní tó o bá ń bọ̀, o ò gbọdọ̀ wọ takisí: àwọn ló ń bọ̀ wá gbé ọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ