Ọwọ́ Yín Tó Máa Ń Dúró Lórí Apẹ̀rẹ̀

Bàbá mi àtàtà,

Mi ò mọ ẹni tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí lọ́run níbẹ̀. Kí ó ṣáà kà á dáadáa, torí ìròyìn ayọ̀ ni: ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀wé kà lẹ yan ìwé tuntun tí àwọn ọmọ ilé ìwé tí mo ti ń ṣe olùkọ́ n'Íkòsì máa kà lọ́dún yìí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kí ẹ tó fi mí rẹ́rìn-ín.

Ẹ rántí ìsọ̀ yín lọ́jà Máìlì Tuẹ́lìfù? Bí mo bá ti ilé ìwé dé, mo máa ń jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan, màá máa kàwé sí yín létí, ẹ̀yin á sì máa fi abẹ́rẹ́ ńlá yẹn gán àwọn apẹ̀rẹ̀ tó ti ya. Ẹ ò yin ìwé kankan rí. Ṣùgbọ́n tí ìwé bá dùn, ọwọ́ yín á dúró, abẹ́rẹ́ á wà lókè. Tí kò bá dùn, ẹ ó máa gán apẹ̀rẹ̀ yín lọ bí ẹni pé kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ọ̀gá àgbà wa ní kí n dábàá ìwé fún àwọn ọmọdé àti àwọn ọ̀dọ́, ọgbọ́n yín ni mo dá. Mo pín okùn fún àwọn ọmọ kíláàsì pé kí wọ́n máa hun ún bí mo ṣe ń kàwé. Ìwé kan wà tó rẹwà gan-an, àwòrán yìnyín ló kún inú rẹ̀. Wọ́n hun okùn wọn lọ, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. Mo wá ka ti ọmọbìnrin tó fi ọkọ̀ ojú omi gbé ìyá àgbà rẹ̀ kúrò nínú ilé tí àgbàrá wọ̀. Àwọn ọmọ tó ń ti Ajégúnlẹ̀ wá, tí àgbàrá máa ń wọ ilé tiwọn náà, ló kọ́kọ́ sọ okùn sílẹ̀. Fún àwọn àgbà inú wọn, mo ka ti ọmọge kan tó ń fi pamọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun ò ríran dáadáa. Àwọn géńdé ẹ̀yìn kíláàsì, tí kì í gbọ́ ti ẹnikẹ́ni, gbàgbé okùn tó wà lọ́wọ́ wọn.

Bàbá, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Fọ́ọ̀mù tí mo kọ nígbà tí mo fẹ́ wọ sẹ́kọ́ńdírì, ẹ ní kí n kà á sí yín létí. Nígbà tí mo kà á dé ibi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́ tí bàbá ń ṣe, mo kà á jáde pé ẹ ń tún apẹ̀rẹ̀ ṣe. Irọ́ ni mo pa. Oníṣòwò ni mo kọ síbẹ̀, torí iṣẹ́ yín ń tì mí lójú nígbà yẹn. Ẹ mi orí, ẹ ń gán apẹ̀rẹ̀ yín lọ. Ṣé ẹ gbà mí gbọ́ ni, àbí ẹ mọ̀, ẹ kàn bò mí láṣìírí?

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè tó kọjá, àwọn òbí àti olùkọ́ pé jọ láti fọwọ́ sí àwọn ìwé náà. Ọ̀gá àgbà ń kọ ohun tí a ń sọ sílẹ̀. Àwọn kan ní ìwé tó ní yìnyín yẹn ló bójú mu. Wọ́n bi mí léèrè ẹni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yan ìwé. Mo lè dárúkọ yunifásítì, kò sẹ́ni tó máa yẹ̀ mí wò. Àmọ́ ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mo dìde.

"Bàbá mi ló kọ́ mi. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì ni wọ́n ń tún ṣe ní Máìlì Tuẹ́lìfù. Wọn ò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìwé tó dáa."

Mo wá ròyìn yín fún wọn látòkèdélẹ̀. Àwọn ìwé tí mo mú wá ni wọ́n fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, torí bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yín lọ́wọ́, mo wo ọ̀gá àgbà. Báírò wọn wà lókè, ọwọ́ wọn ti dúró.

Èmi ni, pẹ̀lú ìfẹ́ tí kò lè tán,
ọmọ yín, ọmọ alápẹ̀rẹ̀.