Pátákó Tuntun Lórí Òpó Tó Ti Jẹrà

Ìdí-Àgbọn,
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ajah,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹwàá, 1979.

Gàníyù ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Ọlákẹ́mi ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ méjèèjì. Ṣé ara yín le ní Kàdúná lọ́hùn-ún? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àìsàn mọ ojú ọ̀nà ilé yín. Èmi náà wà. Mo ń jẹun, mo ń sùn, mo sì ń jí. Tíṣà Fáṣínà ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí ní ilé ẹ̀kọ́, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ sílé. Mo ti sọ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kí ó kọ ọ́, kí ó má fi ọ̀dà kun ọ̀rọ̀ mi. Wàá mọ ìdí rẹ̀ kí o tó kà á tán.

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. O ní ẹ ó wá ṣe Iléyá lọ́dọ̀ mi, àti pé lẹ́yìn ọdún kí n di ẹrù mi, kí n tẹ̀ lé yín lọ sí Kàdúná, nítorí pé kò yẹ kí àgbàlagbà máa dá gbé. Mo gbọ́. Ẹ lè wá. Ṣùgbọ́n ẹ kò ní lè sọ̀ kalẹ̀ sórí afárá èbúté wa bí ẹ ti máa ń ṣe, nítorí pé kánsù ti tì í pa láti oṣù tó kọjá. Èmi ni mo fà á. Bí mo bá sì máa sọ bí mo ṣe fà á, àfi kí n sọ ohun kan tí mo ti fi pa mọ́ fún ọ láti ọdún mẹ́ta.

O mọ̀ pé ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni kánsù ń rán ọ̀gá kan wá láti wo gbogbo ohun tí ó jẹ́ ti ìjọba ní àwọn abúlé wa: ilé ẹ̀kọ́, ilé ìgbẹ̀bí, ìsọ̀ ọjà, àti afárá pátákó tí a ń so ọkọ̀ mọ́ létí ọ̀sà. Èyí tí ọ̀gá náà bá kọ sínú ìwé pé ó ti bàjẹ́, òun ni wọn yóò fi sínú ètò ìnáwó fún àtúnṣe. Èyí tí ó bá kọ pé ó dára, ó di ọdún mẹ́ta mìíràn kí ẹnikẹ́ni tó tún bojú wò ó. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ ìlú wa. Bí a bá ti gbọ́ pé ọ̀gá ń bọ̀, Baálẹ̀ yóò pe ìpàdé. Àwọn obìnrin yóò fi ẹfun kun ògiri ilé ẹ̀kọ́ níbi tí ó ti sán. Wọn yóò fi ẹní bo ibi tí ilẹ̀ ilé ìgbẹ̀bí ti dá kòtò. Àwọn ọkùnrin yóò fi imọ̀ ọ̀pẹ dí ojú ibi tí òrùlé ti ń jò. Baálẹ̀ a máa wí pé, "Ṣé kí àlejò dé kó bá wa ní ìhòòhò ni?" Nígbà tí ọ̀gá bá dé, a ó fún un ní ẹja yíyan àti omi àgbọn. Yóò rìn yíká, yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, "Ibí yìí mà dára ju ilé tèmi lọ." Ohun tí ó bá sọ náà ni yóò kọ. Àwa yóò wá jókòó fún ọdún mẹ́ta, a ó máa ṣépè pé ìjọba gbàgbé wa. Èmi náà wà nínú ẹ̀. Èmi ni káfíńtà.

Ní ọdún 1976, èmi ni wọ́n ní kí n tún ojú afárá ṣe kí ọ̀gá tó dé. Gbogbo ilé dá owó, a ra pátákó tuntun láti Èkó. Nígbà tí mo tú àwọn ti àtijọ́, mo rí àwọn òpó tó wà nísàlẹ̀. Mo fi ọ̀bẹ gún ọ̀kan, ó wọlé títí dé èèkù. Mo lọ sọ fún Baálẹ̀. Ó pe orúkọ mi, ó ní, "Dúró, òpó wà lábẹ́ omi. Ta ni yóò tẹrí bọ omi lọ wò ó?" Mo rẹ́rìn-ín. Gàníyù, mo rẹ́rìn-ín ni o. Mo kan pátákó tuntun mọ́ òpó tó ti jẹrà, mo fi ọ̀dà dúdú kùn ún títí ó fi ń dán. À ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Ọ̀gá rìn lórí rẹ̀ pẹ̀lú bàtà funfun, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dára.

Kò ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn rẹ̀, ìyá rẹ ń lọ sí Èkó pẹ̀lú àpò àgbọn lórí. Èmi wà létí omi tí mò ń mu ẹ̀kọ gbígbóná. Ó yí ojú padà, ó ní, "Bàbá Gàníyù, iṣẹ́ yín dára o. N kò ní fi ẹsẹ̀ kan omi mọ́ láyé mi." Kò tíì rin ìgbésẹ̀ mẹ́wàá. Pátákó mi kò ṣẹ́. Ìṣó mi kò tú. Òpó ló kán, tí gbogbo rẹ̀ sì yẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyá rẹ ṣubú sáàárín òpó àti ọkọ̀ Sùlè tó ń kó èrò, ọkọ̀ náà fì wá, etí rẹ̀ sì gbá a láyà mọ́ òpó. Ọjọ́ méjì ló lò. Kí tẹligíráàmù tó dé ọwọ́ rẹ, a ti sin ín.

O bi mí létí sàréè pé, "Bàbá, ṣé ó ti ń ṣe wọ́n tẹ́lẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní àìsàn àyà ni. Gbogbo ìlú ló sì gbè mí lẹ́sẹ̀. Àyà ló pa á lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe àìsàn. Èmi ni mo kan ibi tó gbà kú.

Akọ̀wé kánsù kan wá pẹ̀lú ìwé lẹ́yìn ìsìnkú, ó ní kí n sọ ohun tó pa á. Baálẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó kàn ń wò mí ni. Mo mọ ohun tó ń rò. Bí a bá ní afárá ló pa á, wọn yóò bi wá pé ṣebí oṣù méjì sẹ́yìn la ní ó dára, wọn yóò sì tì í pa. Mo ní kí akọ̀wé kọ àìsàn àyà. Mo tẹ àtàǹpàkò mi sí i. Mọ́rúfù, káfíńtà kejì, àti àwọn yòókù ri òpó kan ṣoṣo mìíràn mọ́ ibi tó kán, wọ́n gbé pátákó padà sórí rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń rìn lọ. Èmi kò gun afárá náà mọ́ láti ọjọ́ náà. Ìdí nìyẹn tí n kò fi wá sí ìsọmọlórúkọ àbíkẹ́yìn rẹ. Kì í ṣe ẹsẹ̀ ló ń dùn mí.

Ní oṣù tó kọjá, àsìkò àyẹ̀wò tún pé. Baálẹ̀ tún rán sí mi pé kí n wá kan pátákó. Mo ní n kò kàn án. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ kí ojú tì wá ni?" Mo ní ojú ti ń tì mí láti ọdún mẹ́ta. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún Mọ́rúfù. Ó kan tirẹ̀ dáadáa, n kò ní purọ́ mọ́ ọn, ó kan án dáadáa.

Nígbà tí ọ̀gá tuntun dé, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Odùbánjọ, mo mú irin tí mo fi ń tú ìṣó, mo bọ́ síwájú rẹ̀ lẹ́nu afárá. Baálẹ̀ ní, "Dúró, ṣé orí rẹ pé?" Mo tú pátákó mẹ́ta. Sìmbíátù, àbúrò ìyá rẹ, tí ó gbé àwo ẹja dání, pariwo sí mi lórí: "Ẹ wá wo ẹni tó ń tú ìró ìyá rẹ̀ ní gbangba." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ọ̀gá na ọwọ́ sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́, orí òpó sì fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Kò bùṣe. Odùbánjọ nu ọwọ́, ó ní, "Bàbá, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ ti dè mí lọ́wọ́." Ó ní owó tó wà lọ́wọ́ òun, owó àtúnṣe ni. Ohun tó ṣeé tún ṣe nìkan ló wà fún. Afárá wa ti kọjá àtúnṣe, nítorí náà òun gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò nínú ìwé àtúnṣe pátápátá. Iṣẹ́ tuntun ló dà, iṣẹ́ tuntun sì ní ìwé tirẹ̀ tí àwọn abúlé mìíràn ti tò sí fún ọdún mẹ́wàá. Bí a bá ti fi òpó hàn wọ́n nígbà tí ó ṣì lágbára díẹ̀, wọn ì bá ti tún un ṣe láti ọjọ́ yìí. Ó wá ta okùn àti aṣọ pupa sí ẹnu afárá, ó ní kí ẹnikẹ́ni má gùn ún mọ́.

Mo bi í bóyá ọ̀nà kan wà. Ó ní ibi tí èèyàn bá ti farapa tàbí tí ó ti kú, tí ó sì wà lákọsílẹ̀, ni wọ́n ń fi síwájú. Ó wo gbogbo wa, ó ní, "Ṣé ẹnikẹ́ni ti kú síbí?" Baálẹ̀ wo ilẹ̀. Sùlè wo ọkọ̀ rẹ̀. Mo ní, "Ìyàwó mi, Nùsírátù." Odùbánjọ ṣí fáìlì, ó wá a títí, ó sì rí i. Ó yí ìwé náà sí mi. Ó ní, "Bàbá, ìka yín rèé. Wọ́n ní àìsàn ni. Èwo ni kí n gbà nínú ìka àti ẹnu?" Mo ká àtàǹpàkò mi sínú àtẹ́lẹwọ́. Ó ṣàánú mi. Ó ní bí ọmọ olóògbé tó lè kọ orúkọ ara rẹ̀ bá búra ní kóòtù pé afárá ló pa ìyá òun, tí ẹni tó rí i sì tẹ̀ lé e, àwọn yóò lè fagi lé ohun tí mo tẹ̀ka sí. Ṣùgbọ́n kí oṣù Kọkànlá tó parí ni o, nítorí ìgbà náà ni wọ́n ń pa ìwé ètò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀ dé.

Ìwọ nìkan ni ọmọ tí ìyá rẹ bí. Bí n kò bá sọ fún ọ, afárá kò sí. Bí mo bá sọ fún ọ, o mọ ohun tí mo ṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń yí ọ̀rọ̀ yìí ká kí n tó wá bá Tíṣà.

Ìlú kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn obìnrin ń wọ omi dé itan pẹ̀lú ẹrù lórí kí wọ́n tó dé ìdí ọkọ̀, bí ọ̀kan bá sì yọ̀, orúkọ mi ni wọ́n ń pè. Ní mọ́sálásí, wọ́n ń fi àyè sílẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì mi bí ẹni pé mo ní kúrúnà. Sìmbíátù ṣì ń gbé oúnjẹ wá. Ó ń gbé e sẹ́nu ọ̀nà, kì í kí mi. Baálẹ̀ sì ti ránṣẹ́ pé bí o bá lọ búra, o sọ gbogbo ìlú di òpùrọ́ lójú kánsù nìyẹn, wọn kò sì ní gba ọ̀rọ̀ wa gbọ́ mọ́ lórí òrùlé ilé ẹ̀kọ́ tó ń jò sórí àwọn ọmọ. Ó lè jẹ́ òótọ́ ló sọ. N kò mọ̀.

Nípa Kàdúná, n kò lè bá ọ lọ báyìí. Bí mo bá lọ, wọn yóò ní mo tú afárá ìlú tán, mo wá sá. Bí mo bá sì dúró, èmi àti ògiri là ń gbé. Mo ti wò ó síhìn-ín, mo ti wò ó sọ́hùn-ún. Jẹ́ kí n wà níbí títí wọn yóò fi ri òpó tuntun.

N kò ní kí o dárí jì mí. Mo ní kí o lọ sí kóòtù, kí o sọ ohun tó pa ìyá rẹ, kí o sì dárúkọ ẹni tó kan pátákó náà. Sùlè ti gbà pé òun yóò tẹ̀ lé ọ, ó ní òun kò tíì sùn dáadáa láti ọdún náà. Bí ìwọ kò bá lè ṣe é nítorí Baálẹ̀ àti ìlú, n kò ní bínú. Èmi náà kò lè ṣe é nígbà tí ó kàn mí.

Ọlọ́run yóò wo àwọn ọmọ rẹ dàgbà lójú ẹ̀yin méjèèjì. Ọlákẹ́mi kò ní pàdé ohun tí ìyá rẹ pàdé. Ibi tí o bá tẹ ẹsẹ̀ lé kò ní yẹ̀ mọ́ ọ nídìí. Kí Ọlọ́run fi àánú gba Nùsírátù.

Èmi ni bàbá rẹ,
Dúró káfíńtà.
(Ó tẹ̀ka síbí.)

Mo tún rántí: bí ẹ bá ń bọ̀, Sùlè yóò gbé yín dé ibi iyanrìn tó wà lẹ́yìn ilé ìgbẹ̀bí. Omi ibẹ̀ kò ju orúnkún lọ ní àárọ̀. Pọn àbíkẹ́yìn, kí o sì di ọwọ́ èkejì mú. N ó wà létí omi láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́. Bí o bá sì dé tí o kò lè kí mi, má kí mi. Ṣáà wá.