Àyẹ̀wò Etí Ọmọ Mi àbí Ampilifáyà Ọkọ Mi?

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú akitiyan. Ìsẹ́yìn ni mo ti ń kọ̀wé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ọkọ mi ra sípíkà ńlá. Ọjọ́ tó dán an wò, ilé mì, àwọn adìyẹ sá, ṣùgbọ́n ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákòrò nítòsí rẹ̀ kò tilẹ̀ yíjú. Mo ní ká fi owó gbágùúdá tó kù ṣe àyẹ̀wò etí fún un. Ọkọ mi ní ampilifáyà ló kàn, pé sípíkà náà kò tíì dún tó. Mo sunkún. Ó rẹ́rìn-ín: "Ìyá ọmọ, tí mo bá náwó sí ampilifáyà, á dáhùn. Ọmọ tìẹ ńkọ́?"

Ó máa ń gbọ́ ètò yín. Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè, ẹ sọ èyí tó yẹ kó ṣáájú fún un. Tí èmi bá ti lanu, orin ló máa ń yí sókè.