Ìpéǹpéjú Mi Ń Lọ sí Òkè Òkun, Èmi Náà sì Ń Bá A Lọ

Ìyá Àgbà kékeré, ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú iṣẹ́, kú ìdúró lórí ìlà ọkọ̀, kú ìfaradà àwọn ará òkè ilé rẹ tí wọ́n ń wọ́ àga kiri bí ẹni tó ń kó lọ lójoojúmọ́. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ kò ní tòògbé. Ẹsẹ̀ ayọ̀ tí o fi ń jáde láàárọ̀ ni wàá máa fi wọlé nírọ̀lẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní já sí asán, Àmín. Ìyá rẹ kí ọ. Orúnkún ṣì ń dùn ún, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ le koko. Ògiri ẹ̀yìnkùlé tí òjò bì wó ti dìde padà, ṣùgbọ́n ó wọ́ díẹ̀, bíríkìlà ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é láyé ìsinsìnyí.

Mo gbọ́ ohùn tí o gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù. Ẹ̀ẹ̀mẹta la gbọ́ ọ, nítorí lẹ́ẹ̀kíní àti lẹ́ẹ̀kejì, bí o ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mò ń dá ọ lóhùn, o ò sì dákẹ́ kí o gbọ́ tèmi rárá, ó sì dùn mí pé ìlú ńlá ti gba ẹ̀kọ́ ilé lára rẹ. Ìyá rẹ ló ní o ò sí níbẹ̀, pé ohùn rẹ nìkan ló wá. O ní ọkùnrin ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin kì í wọ bàálù lọ sílẹ̀ onílẹ̀ kí wọ́n lọ fi abẹ tún ojú rẹ̀ ṣe. O ní oge àṣejù ni. O ní kí n jókòó jẹ́ẹ́. Ọmọ mi, mo ti gbọ́. N kò ní jókòó jẹ́ẹ́. Mò ń lọ.

Kì í ṣe imú ni mo fẹ́ kí wọ́n bá mi tò, n kò sì ní kí wọ́n sọ mí di ọ̀dọ́. Ìpéǹpéjú mi ni. Ó ti wó lé ẹyinjú mi bí aṣọ fèrèsé tí okùn rẹ̀ já. Kódà bí mo bá la ojú tán pátápátá, ẹni tó bá wò mí á ní mo ti sùn. Nípàdé àwa olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, wọ́n fẹ́ yan akọ̀wé, wọ́n sì dárúkọ mi. Ni Alábẹ̀wò bá dìde. O mọ̀ ọ́n, ẹni tó máa ń bẹ ilé ẹ̀kọ́ wò nígbà kan, tó ti fẹ̀yìntì láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ṣùgbọ́n tí ohùn rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìntì. Ó tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe, ó ní pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó yẹ àti ìtẹríba tó tọ́, kò bójú mu kí ẹgbẹ́ tó lórúkọ fi gègé rẹ̀ lé ẹni tí oorun ti fi ṣe ibùgbé lọ́wọ́. Wọ́n nawọ́ fún òun fúnra rẹ̀, ó di akọ̀wé. Mo rí gbogbo ọwọ́ tí wọ́n nà, mo tiẹ̀ kà á. Mo ní n kò sùn o. Alábẹ̀wò ní ẹ ò rí i bí, ó tún ń sọ̀rọ̀ lójú oorun.

Ti báǹkì ló wá tẹ̀lé e. Wọ́n ní kí n gbé fóònù síwájú ojú kí wọ́n lè mọ̀ pé èmi ni mo ni owó ìfẹ̀yìntì mi. Ọmọbìnrin inú fóònù ní kí n jọ̀ọ́ kí n lajú. Mo ní ó là. Ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n lajú. Mo ní ìwọ ọmọ yìí, ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Kò yí ohùn padà, kò tọrọ àforíjì. Nígbà kẹfà, ó ní òun kò rí ojú ẹni tó wà láàyè, ó sì tilẹ̀kùn mọ́ owó mi. Mo kọ lẹ́tà sí mánéjà pé kó pè é jókòó, kó fi ìfẹ́ bá a wí, kó má ṣe lé e lẹ́nu iṣẹ́, nítorí a ò mọ iye ẹnu tó ń bọ́. Mánéjà fúnra rẹ̀ pè mí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí ọmọbìnrin kankan níbẹ̀. Ó ti lé e nìyẹn. Ó sì ń dùn mí títí di òní.

Nígbà náà ni mo gba ṣọ́ọ̀bù obìnrin oníkọ̀ǹpútà lọ. Ó bá mi wá ilé ìwòsàn méjì lókè òkun. Ti àkọ́kọ́, owó rẹ̀ kò tó ti fíríìjì. Wọ́n ní àwọn á bá mi fọ eyín ṣe ènì, àwọn á gbé mi wọkọ̀ ojú omi, n ó sì padà dà bí ọmọ ogún ọdún. Ìwọ náà mọ̀ mí. Mo jókòó, mo kọ ìdánwò fún àwọn méjèèjì, ìbéèrè mẹ́wàá, ẹ dáhùn gbogbo rẹ̀, ẹ kọ ọ́ kí ó hàn. Mo bi wọ́n pé ta ni yóò di abẹ mú, kí ni nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìwé ẹgbẹ́ àwọn dókítà ilẹ̀ yín kí n lè fi wádìí rẹ̀. Ènìyàn mélòó ló ti ṣe é fún, mélòó nínú wọn ló padà wá sunkún. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kọ̀ tí kò dá ńkọ́? Bí ọ̀ràn bá bẹ́yìn yọ lẹ́yìn tí mo bá délé, ta ni kí n pè? Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ fi dáhùn. Wọ́n fi àwòrán òdòdó ránṣẹ́, wọ́n ní owó náà yóò gòkè lọ́la. Mo fún wọn ní òdo. Mo fi bírò pupa kọ ọ́ sétí ìwé pé kí wọ́n mú òbí wọn wá, obìnrin oníkọ̀ǹpútà sì bá mi ya fọ́tò rẹ̀, a fi ránṣẹ́ padà sí wọn. Títí di báyìí, òbí kankan kò tíì yọjú.

Ilé ìwòsàn kejì, ọjọ́ mẹ́fà gbáko. Obìnrin ni dókítà náà. Ó dáhùn mẹ́sàn-án ní kíkún, mo wádìí nọ́ńbà rẹ̀, ó pé. Ìkẹwàá ni mo ti bèèrè bóyá ojú mi yóò là dáadáa, ó ní òun kò tíì mọ̀. Ó ní kí dókítà ojú nílé kọ́kọ́ yẹ̀ mí wò, nítorí bó bá jẹ́ iṣan ló dẹ̀, tí kì í ṣe awọ ló pọ̀ jù, iṣẹ́ mìíràn nìyẹn, òun kò sì ní gba owó mi. Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi kọ́ni, iye akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò pé òun ò mọ̀ dípò kó parọ́ kò kún ọwọ́ mi kan. Mo fún un ní máàkì gbogbo.

Dókítà ojú ní awọ ni, ó ti bo apá òkè ohun tí mò ń rí. Ó ní iye tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ mi ní ilé ìwòsàn olówó ìlú ńlá tiyín ju ti òkè òkun lọ, kódà kí n fi bàálù àti yàrá ọjọ́ mẹ́wàá kún un. Ọjọ́ mẹ́wàá yẹn pọn dandan, nítorí wọn kì í tètè yọ òwú tí wọ́n fi rán ojú, ẹni tó bá sì sáré wọ bàálù padà, ojú rẹ̀ ló ń fi ta tẹ́tẹ́. Ó tún wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó ní ó ga, kí n kọ́kọ́ mú un wálẹ̀. Oṣù méjì ni mo fi jẹun tí kò níyọ̀, tí ìyá rẹ ń wò mí bí ẹni tó wá bá wa ṣọ̀fọ̀. Ó ti wálẹ̀. Mo ta mọ́tò mi pẹ̀lú, owó rẹ̀ ni mo fẹ́ fi lọ. Ẹni tí kò rí iná tó ń darí ọkọ̀ lójú títì, kí ló fẹ́ fi mọ́tò ṣe?

Fọ́ọ̀mù wọn ló kù. Wọ́n bèèrè ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n yí padà lára mi. Mo kọ ọ́ pé ìpéǹpéjú nìkan. Ìwà mi, ìyàwó mi ti ń gbìyànjú rẹ̀ láti ọdún márùndínláàádọ́ta, ẹ má da ara yín láàmú. Wọ́n bèèrè ẹni tí yóò tẹ̀lé mi wá. Mo kọ Ọlọ́run. Wọ́n dá a padà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n ní àwọn gbà pé yóò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ìwé ìrìnnà àti nọ́ńbà fóònù ni àwọn ń fẹ́, tí yóò fọwọ́ síwèé, tí yóò wà pẹ̀lú mi ní yàrá, tí yóò máa kán oògùn sí mi lójú. Láìsí ẹni bẹ́ẹ̀, kò sí iṣẹ́ abẹ. Ìyá rẹ ní òun kò lè gbé orúnkún òun wọ ohun tí kò nílẹ̀ lábẹ́. Nítorí náà, orúkọ rẹ ni mo kọ. N kò gbàyè lọ́wọ́ rẹ. Ṣebí èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ náà? Mo yá a lò ni.

Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí n kò lè mú un mọ́ra. Kó o tó bínú, gbọ́ èyí. Nígbà tí o wálé kẹ́yìn, lọ́sàn-án Sátidé, o jókòó tì mí ní ìloro, ò ń sọ fún mi nípa ọ̀gá rẹ tó máa ń pàtẹ́wọ́ pè ọ́ bí ẹni tó ń lé adìẹ. O ní Bàbá, bí mo bá fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, tí mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́ni ogójì ọdún, ṣé ẹ ó... Ibẹ̀ lo dé tí o wò mí. O mí kanlẹ̀. O sọ fún ìyá rẹ pé Bàbá ti sùn, o gbé àga rẹ wọlé.

N kò sùn. Mò ń wá ọ̀rọ̀ tó tọ́ ni, o mọ̀ pé èmi kì í dáhùn láìkọ́kọ́ rò ó. Nígbà tí n ó fi rí i, o ti ń di ẹrù, ojú sì tì mí láti pè ọ́ padà. Alábẹ̀wò lè gbé ipò akọ̀wé sùn bó bá wù ú. Báǹkì lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo ti kú. Ṣùgbọ́n kí ọmọ mi gbé ọ̀rọ̀ mì nítorí awọ ojú mi, n kò ní gbà, kódà kí ẹ pe gbogbo ẹbí jọ.

Fọwọ́ sí ìwé tó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí kí o sì fi ránṣẹ́ sí obìnrin oníkọ̀ǹpútà kí ọjọ́ Ẹtì tó pé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á fún ẹlòmíràn ní ọjọ́ mi. Owó tèmi ti pé. Owó bàálù tìrẹ ni kí o wá, àti owó oògùn ojú, nítorí mo gbàgbé láti kà á mọ́ ọn, bí agbára rẹ bá sì ká ìyẹn, fi gíláàsì dúdú kan kún un fún mi. Dókítà ní ojú mi yóò wú, yóò sì lè padé fún bí ọjọ́ mẹ́ta. A ò ní ríbi lọ. Fa àga súnmọ́ mi, kí o sọ gbólóhùn yẹn parí. Lọ́tẹ̀ yìí, wàá mọ̀ pé mo jí.

Ọlọ́run yóò la ọ̀nà fún ọ níbi tí o bá kọjú sí. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ yóò dára, àtúnbẹ̀rẹ̀ rẹ yóò dára jù ú lọ. O kò ní pe ẹni tí kò ní dá ọ lóhùn.

Èmi ni bàbá rẹ.